Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya á, láìkì mọ́kànlá ló rí. Kí ló ń mú ẹ̀yin máa ya fanart lọ?

pẹ́ńsù_òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń ya fanart, àwòrán àwọn ẹ̀dá ìtàn tí a fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù kan, ẹ má bínú tó bá gùn, torí kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé. Tí mo bá ti ní ẹ̀dá ìtàn inú eré ni mò ń yà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún mi, tí mo bá sì ní kò sẹ́ni tó gbé e fún mi, wọ́n á ní kí ló wá dé tí mo fi ń fi oorun du ara mi.

Mi ò kọ́ṣẹ́ àwòrán níbì kankan. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀ pátápátá, alẹ́ tí gbogbo ilé bá ti sùn ni mo máa ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mi jáde, Krita, ètò ìyàwòrán kan, ni mò ń lò torí ọ̀fẹ́ ni, mo sì máa ń yà títí ojú á fi máa pa dé. Ọdún kẹrin rèé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mọ́ mi kí n tó sọ èyí tó dùn mí. Obìnrin kan wà nínú eré tí mò ń tẹ̀ lé, kì í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn rárá, bóyá ló la ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní àpá kan tó la irun òkè ojú òsì ẹ̀ kọjá títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì sẹ́nì kankan nínú eré ọ̀hún tó bi í léèrè rí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Èmi ni mo wá ń bi í. Mo ti ya á ní ọmọdé nígbà tí àpá ò tíì sí, mo ti ya á níbi tó ti ń rán bàtà ẹ̀ tó ya, mo ti ya á níbi tó jókòó tó ń sùn. Nígbà míì màá ya ẹnu ẹ̀ báyìí, ìlà kékeré kan péré ní igun ẹnu, òun náà á kàn wò mí láti inú tábúlẹ́ẹ̀tì, ara mi á bù máṣọ. Mi ò mọ nǹkan míì láyé mi tó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, oṣù tó kọjá mo ní kí n ya ńlá kan. Òun nìkan nínú òkùnkùn, fìtílà lọ́wọ́, aṣọ ogun lọ́rùn. Aṣọ ogun yẹn, òrùka irin kéékèèké ni wọ́n so kọ́ra wọn, mo sì ya òrùka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò lo búrọ́ọ̀ṣì tó máa ń tò wọ́n fúnra ẹ̀, torí mo fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà kan kìkì àwọn tó wà lápá ibi tí fìtílà wà. Ọwọ́ tó di fìtílà mú, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pa á rẹ́ tí mo tún un yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo gbé e síta lálẹ́ Sátidé, mo sì jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń retí àlejò.

Láìkì mọ́kànlá. Kọ́mẹ́ǹtì kan ṣoṣo, òun náà ló sì béèrè pé ṣé kì í ṣe ojú òsì ni àpá ẹ̀ wà ni? Mo wò ó, òótọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé a máa ń yí àwòrán bí i ti dígí ká lè rí ibi tó bá wọ́, mo ti yí i, mi ò sì rántí yí i padà kí n tó gbé e síta. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọ̀tún ni mo gbé àpá sí.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló jẹ́ kí n kọ èyí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹnìkan fi línkì kan ránṣẹ́ sí mi pé "ìwọ kọ́ lo ya èyí?" Péèjì kan ti gbé e. Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, torí ibẹ̀ ni mo fọwọ́ sí, fìtílà àti ọwọ́ tí mo yà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án sì bá a lọ. Wọ́n wá yí i padà kí àpá lè bọ́ sójú òsì. Láìkì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni péèjì pé ó ṣeun tó rántí obìnrin yẹn.

Ṣé ẹ rí i, àwọn èèyàn tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́rin, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n wà! Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn wà, wọn ò sì mọ̀ pé mo wà láyé.

Láti ìgbà yẹn mi ò tíì ya nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ṣé kéèyàn máa yà fún ara ẹ̀ nìkan ni? Kí ni mo sì lè ṣe sí péèjì yẹn?

---

ìyá_oníbúrọ́ọ̀ṣì

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ibi tí wọ́n ti gé ọwọ́ yẹn kúrò, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná kí n tó lè kà á lọ.

Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ òun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú ẹ. Àwọn kan á máa sọ pé tó bá jẹ́ tìfẹ́tìfẹ́ lo fi ń yà, kí lo wá ń ka láìkì fún. Ṣé ẹni tó kọrin kì í fẹ́ kí wọ́n gbè é ni? Fandom gan-an, àwùjọ àwọn tó jọ fẹ́ràn ìtàn kan, orin tí a jọ ń gbè ni. Ẹnìkan kọ́ ló ń dá a ṣe.

Mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́, ìwé àti inki ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tí mo máa ń rántí ni ọjà Comiket yẹn ní Japan, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Tokyo ní December 1975, ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ló pàtẹ, àwọn tó wá ò ju bí 700 lọ. Àwọn tó ń ya ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n ń tò ó sórí tábìlì, ẹni tó fẹ́ á sì wá dúró níwájú ẹni tó yà á. Lónìí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń lọ síbẹ̀, síbẹ̀ tábìlì yẹn ṣì wà láàárín ẹni tó yà á àti ẹni tó fẹ́ kà á, wọ́n ṣì ń wojú ara wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa yìí, ńńbà ló jókòó sáàárín àwa àti wọn.

Ńńbà ọ̀hún kì í sì í ṣe ìwọ ló ń díwọ̀n. Nígbà tí Instagram kọ́kọ́ dé ní 2010, bí o bá ṣe gbé nǹkan síta ni àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹ á ṣe rí i, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa wà lókè. Ní 2016 wọ́n yí i padà, ẹ̀rọ ló wá ń yan ohun tí èèyàn máa rí. Láti ìgbà yẹn o lè ní ẹgbẹ̀rún kan tó ń tẹ̀ lé ẹ, kí ọgọ́rùn-ún nínú wọn má sì rí iṣẹ́ ẹ. Mọ́kànlá tó láìkì yẹn, mọ́kànlá nínú èèyàn mélòó tó fojú kàn án? Ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara ẹ nìyẹn o.

Èyí tó dùn mí jù láyé fanart kì í ṣe láìkì. Nígbà tí ìkànnì Tumblr yí òfin wọn padà ní December 2018, tí wọ́n fòfin de àwòrán ìhòòhò àti ìbálòpọ̀, àwọn èèyàn túká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí, títí kan àwa tí òfin yẹn ò kàn rárá, torí pé ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ bá lọ ni wàá fẹ́ lọ, kálukú sì gba ibi tó yàtọ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta wà tí a jọ máa ń sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ nípa àwòrán ara wa. Mi ò mọ orúkọ àbísọ wọn. Mi ò sì rí wọn mọ́ dòní.

Nítorí náà ohun tí màá gbà ẹ́ níyànjú ni pé kó o wá èèyàn márùn-ún, kó o fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sílẹ̀ ná. Ṣó o mọ Big Bang tí àwọn fandom máa ń ṣe? Ẹnìkan á kọ ìtàn gígùn, ayàwòrán á mú ìtàn yẹn, á yà á, wọ́n á jọ gbé e síta lọ́jọ́ kan náà. Mo ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lọ́dún kan, òǹkọ̀wé tí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ti kọ ọ́ pé ẹ̀dá ìtàn ọ̀hún gbàgbé ìbọ̀wọ́ ẹ̀ kan sórí àga, gbólóhùn kan péré ni, kò tún dárúkọ ẹ̀ mọ́. Mo ya ìbọ̀wọ́ yẹn sí igun àwòrán. Ojú ìwé mẹ́ta ló kọ padà sí mi, lórí ìbọ̀wọ́ nìkan! Àwòrán yẹn ò ní ju ogójì láìkì lọ, mo sì ń gbé lẹ́tà ọ̀hún kiri láti fóònù kan dé òmíràn títí di báyìí.

---

bàbá_lẹ́yà

Ìyá ti sọ ti ọkàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti péèjì yẹn torí inú ń bí mi gan ni.

Àkọ́kọ́, má pa fáìlì Krita ẹ rẹ́ o, èyí tó ní gbogbo lẹ́yà nínú, ìyẹn ìpele àwòrán tí a tò léra wọn. Kò sí bí ẹni tó kàn jí fọ́tò ṣe máa ní lẹ́yà síkẹ́ẹ̀ṣì, lẹ́yà ìlà, lẹ́yà òrùka irin lọ́tọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n gé kúrò yẹn náà, ẹlẹ́rìí ẹ ni. Gbé odindi àwòrán síta, ẹni tó bá rí méjèèjì á mọ èyí tí wọ́n gé nínú méjèèjì.

Kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, fi línkì tìẹ sí i, sọ pé kí wọ́n fi orúkọ ẹ sí i tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn péèjì kan máa ń gbọ́, tí wọn ò bá gbọ́, ìkànnì ńláńlá ní fọ́ọ̀mù fún irú ẹ̀, látàrí òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní 1998, DMCA ni wọ́n ń pè é. Wàá fi línkì iṣẹ́ ẹ sí i, línkì èyí tí wọ́n jí, wàá sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbì kan o, kò sẹ́ni tó máa ń sọ èyí fún èèyàn ṣáájú: fọ́ọ̀mù yẹn á béèrè orúkọ gidi àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí ẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ìkànnì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé àwòrán ẹ. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ lo fi ń ṣe fanart tó ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ẹ́, rò ó dáadáa. Èmi ti fà sẹ́yìn nídìí ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan nítorí ìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di báyìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹ̀dá ìtàn yẹn kì í ṣe tìẹ náà. Òótọ́ ni, àwọn tó ṣe eré ló ni ín, a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ya òrùka irin yẹn, péèjì yẹn náà kọ́.

Fún ọjọ́ iwájú: má gbé títóbi ẹ̀ síta. Èyí tó bá tó tẹ̀ jáde, 300 dpi, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹ, gbé kékeré síta. Má fọwọ́ sí igun mọ́, fi àmì ẹ pamọ́ sáàárín iṣẹ́, sí etí aṣọ, sí ara idà, níbi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gé e àwòrán á bàjẹ́. Lóṣooṣù máa fi TinEye tàbí ti Google wá àwòrán ẹ. Àwọn kan á ní kó o lo Glaze, èyí tí àwọn University of Chicago gbé jáde ní 2023, ó dáa, èmi náà ń lò ó, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tiẹ̀: AI tó fẹ́ kọ́ ọwọ́ ìyàwòrán ẹ ló ń dà láàmú, kò lè dí ẹni tó kàn fẹ́ gbé àwòrán lọ lọ́wọ́.

---

awọ̀_ilẹ̀

Ẹ fi obìnrin yẹn hàn wá jàre!! Àpá ọ̀tún o, àpá òsì o, mo fẹ́ rí òrùka irin tí wọ́n yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí, mi ò ju ọgọ́rùn-ún lọ tí mo fi gba búrọ́ọ̀ṣì lọ.

---

ilà_kan

Ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá_oníbúrọ́ọ̀ṣì tán, ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.

Èmi rí èèyàn márùn-ún yẹn. Wọ́n pọ̀ di ogún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ya àwọn méjì yìí fún mi, ya wọn níbi tí wọ́n ti ń fẹ́nu ko ara wọn lẹ́nu, kí ló dé tó o ya ti lágbájá lẹ́ẹ̀mejì tó o ò ya tèmi. Ìjà ta ló yẹ kó fẹ́ ta wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi jà lórí pé mo ya olólùfẹ́ tí kò fẹ́ fún ẹ̀dá ìtàn tó fẹ́ràn, ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi sọ̀rọ̀, lórí àwọn èèyàn tí kò sí níbì kankan! Mo wá ń yà pẹ̀lú ẹ̀rù. Kí n tó fi ìlà kan lélẹ̀ màá ti ro ta ni yóò bínú. Ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì ń yà lọ torí mo ti ṣèlérí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo pa gbogbo ẹ̀ tì. Mo ra ìwé pẹlẹbẹ tí kò nílà nínú, bírò dúdú kan, mo ní kò sí ẹ̀rọ, kò sí pípa rẹ́, n ò sì ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọdún kan àti oṣù méjì. Ìwé mẹ́rin ni mo kún. Bírò ò jẹ́ kéèyàn padà sẹ́yìn, tí imú bá ti wọ́ ó ti wọ́ nìyẹn, wàá kàn wá ojú tó bá imú yẹn mu. Ọwọ́ mi dáa sí i lọ́dún yẹn ju gbogbo ọdún tó ṣáájú lọ, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí mo bá ń yà.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́, ojú ìwé kan wà nínú ìwé kẹta, mo wo ibẹ̀ títí, mo fẹ́ kí ẹnìkan rí i gan-an. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò mọ eré yẹn rárá, mo fi hàn án. Ó ní "ó dà bíi pé inú ẹ̀ ò dùn." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe yà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mọ́ra.

Nítorí náà pẹ́ńsù_òru, tó bá rẹ̀ ẹ́, ti ilẹ̀kùn ná. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ṣeé ṣí.

---

ìyá_oníbúrọ́ọ̀ṣì

@ilà_kan àforíjì kí ni, òótọ́ lo sọ. Mi ò rántí ti ìjà yẹn, bóyá torí pé ó pẹ́ tí mo ti jáde nínú ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ẹ ńkọ́, ṣó ti san?

---

mo_kàn_ń_wò

Ẹ kú ilé o. Mi ò kì í kọ nǹkan síbì kankan, mi ò sì lè ya ìlà tó tọ́, àwọn tó ń wò lèmi.

Aunty tàbí Uncle pẹ́ńsù_òru, mo mọ obìnrin tí ẹ ń sọ yẹn. Bí mo ṣe ka "àpá" ni àyà mi ti já. Èyí tó ti ń rán bàtà yẹn, òun ló wà lójú fóònù mi láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tí mo rí i, nǹkan ò rọgbọ fún mi rárá, mo sì rí i pé ẹ ya okùn bàtà yẹn kó má gùn tó, ó ní láti fi eyín fà á kó tó lè dé ihò tó kẹ́yìn. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa fi ohun tí ò tó ṣe nǹkan. Mo tọ́jú àwòrán yẹn, mo ń wò ó lójoojúmọ́, mi ò sì tẹ láìkì. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ ti ní èèyàn púpọ̀ tó ń sọ ọ́ fún yín, mo ní kí ni tèmi máa fi kún un, mo sì ń tijú pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má ṣe jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Mo sì ti kọ ọ́ sábẹ́ póòsì péèjì yẹn pé kì í ṣe iṣẹ́ wọn, mo fi línkì yín síbẹ̀. Àwa mẹ́rin la ti ń kọ ọ́ báyìí.

---

awọ̀_ilẹ̀

Márùn-ún, mo ti lọ síbẹ̀.

---

pẹ́ńsù_òru

Mo ti ka ti mo_kàn_ń_wò lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ bí màá ṣe dáhùn, mo sì ti ń sunkún díẹ̀. Aunty ni o. Okùn bàtà yẹn! Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò gùn tó. Wákàtí kan ni mo lò lórí eyín tó fi fà á, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rí.

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. bàbá_lẹ́yà, mo ti kọ̀wé sí péèjì yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹ ṣe ní, wọn ò tíì dáhùn. Fọ́ọ̀mù yẹn mo ṣì ń rò ó, torí orúkọ mi, ibiṣẹ́ mi ò mọ̀ nípa èyí rárá. Fáìlì mi wà, lẹ́yà mọ́kàndínlógójì, mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí ibi méjì. ilà_kan, mo máa ra bírò.

Mo ti yí i padà o, àpá ti wà lójú òsì, mo sì ti gbé odindi ẹ̀ síta pẹ̀lú ọwọ́ àti fìtílà. Àmì mi wà lára ọ̀kan nínú òrùka irin yẹn báyìí, ẹ wá a.

Mo_kàn_ń_wò, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, má tijú. Èrò mi ni pé kí n ya ọjọ́ tó gba àpá yẹn. Mo ti ṣe síkẹ́ẹ̀ṣì méjì lálẹ́ àná, ọ̀kan ojú ogun ni, èkejì inú ilé ni, ẹni tó mọ̀ ló ṣe é fún un. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ìwọ tó ti ń wò ó lójoojúmọ́ láti ọdún kan, èwo lo rò pé ó jẹ́?